Síǹkì, Irin àti Ìfun Wa: Ibi tí Oògùn Ọjọ́ Mẹ́wàá ti Wá

Ìbéèrè kan ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ti pè wá lórí ètò wa láti béèrè rẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, wọ́n fún wa ní oògùn ọjọ́ mẹ́wàá fún ìgbẹ́ gbuuru ọmọ. Ọjọ́ kẹta ni ìgbẹ́ náà dúró. Kí la tún fẹ́ fi ìyókù ṣe?" Àwọn kan á tọ́jú ìyókù sínú àpótí de ọmọ mìíràn. Àwọn kan á fún ará ilé tí ọmọ tirẹ̀ náà ń yàgbẹ́. Bí mo bá kàn dá yín lóhùn pé dókítà ló ní kí ẹ lò ó tán, mi ò tíì dá yín lóhùn rárá. Inú ìtàn bí wọ́n ṣe rí oògùn náà ni ìdáhùn wà, ìtàn ọ̀hún sì gùn, ó ti Íránì wá, ó gba Norway kọjá, kó tó dé Kétu.

Orúkọ oògùn náà ni síǹkì. Kò yẹ kó ṣe àjèjì sí wa. Síǹkì yìí kan náà ni wọ́n fi ń bo páànù tí a fi ń kan ilé, kí ó má baà tètè dípẹtà. Ó wà nínú ẹran, nínú ẹja, nínú ẹ̀wà, ó sì wà lára gbogbo wa. Gbogbo èyí tó wà lára àgbàlagbà kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù méjì lọ, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà bíi mẹ́wàá ni kí ẹ pè é. Irin tó wà lára wa náà kò pọ̀, gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òṣùwọ̀n wọn ọjà, ẹ mọ̀ pé ohun kékeré lè ba gbogbo ọjà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni èyí rí. Bí díẹ̀ yìí bá dín, ọmọ kò ní dàgbà bó ṣe yẹ, egbò kò ní tètè san, ìfun á sì máa dàrú.

Títí di nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn, kò sí dókítà tó gbà pé síǹkì lè tán lára ènìyàn. Ẹranko nìkan ni wọ́n gbà pé ó lè ṣe. Ní 1958, dókítà kan tó jẹ́ ọmọ Íńdíà, Ananda Prasad, lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Shiraz, ní ilẹ̀ Íránì. Wọ́n mú ọkùnrin kan wá bá a. Ọmọ ọdún 21 ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ ó sọ pé ọmọ ọdún 10 ni. Kò ga, kò hu irùngbọ̀n, kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Prasad béèrè ohun tó ń jẹ. Wọ́n ní búrẹ́dì àlìkámà tí kò ní ìwúkàrà ni, kò sí ẹran, kò sí ẹja. Yàtọ̀ sí búrẹ́dì, amọ̀ ló ń jẹ, ààbọ̀ kílò lójúmọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Kalaba tí wọ́n ń tò sórí àtẹ ní ọjà wa, tí aboyún ń rà jẹ kí inú má baà máa rìn ín, kí la fẹ́ pè é? Amọ̀ náà ni. Kì í ṣe ti ààbọ̀ kílò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe nínú ìfun. Amọ̀ máa ń di irin àti síǹkì tó wà nínú oúnjẹ mú, á sì gbé wọn jáde pẹ̀lú ìgbẹ́ kí ara tó rí wọn mú. Aboyún á jẹun yó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa dín. Èmi kì í bá aboyún jà lórí kalaba, nítorí mo mọ bí inú rírìn ṣe ń ṣeni, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń san owó rà ń kó oúnjẹ ọmọ inú wọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Shiraz. Prasad mọ̀ pé àìsí irin ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dín, ṣùgbọ́n àìsí irin nìkan kì í mú kí ọmọ ọdún 21 dà bí ọmọ ọdún 10. Ohun mìíràn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó fura sí síǹkì, ó sì kọ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1961. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Íjíbítì, ó rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé tó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àwọn yẹn kì í jẹ amọ̀, ṣùgbọ́n búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni oúnjẹ wọn, aràn tí ń mu ẹ̀jẹ̀ sì kún inú wọn, àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀ náà ń bá wọn jà. Wọ́n wọn síǹkì inú ẹ̀jẹ̀ wọn àti inú irun wọn, ó kéré. Wọ́n fún wọn ní síǹkì. Ìròyìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1963: àwọn mìíràn fi sàǹtímítà 12 sí 15 ga sí i láàárín ọdún kan. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà. Ó di 1974 kí Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé síǹkì wà lára ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ máa jẹ lójoojúmọ́.

Ìdàgbàsókè ni ìyẹn ń sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìfun gangan ti wọlé ni Norway. Ní 1942, dókítà méjì níbẹ̀, Niels Danbolt àti Karl Closs, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń mú ọmọ ọwọ́. Egbò á yọ yí ẹnu ọmọ ká, á yọ yí ihò ìdí rẹ̀ ká, á yọ ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Irun á máa re dànù. Ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, kò ní dúró. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń kú. Ohun tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni pé tí ọmọ bá ṣì ń mu ọmú ìyá rẹ̀, àìsàn náà kì í sábà yọjú. Ọjọ́ tí wọ́n bá já a lẹ́nu ọmú tí wọ́n gbé wàrà màlúù fún un ni wàhálà ń dé.

Ó lé ní 30 ọdún tí kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Ní 1973 ni Edmund Moynahan, dókítà àwọn ọmọdé ní London, wọn síǹkì inú ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó fún un ní síǹkì. Egbò gbẹ, irun hù, ìgbẹ́ dúró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìfun àwọn ọmọ yìí kò lè gba síǹkì wọlé, bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Àwa ará Kétu ló yẹ kó tètè yé, àwa tí a ní Akaba Idena. Odi ìlú lè dúró, kí ọjà kún ìta, ṣùgbọ́n bí ẹnubodè bá tì, ebi á pa àwọn tó wà nínú. Síǹkì inú ọmú ìyá ló rọrùn jù fún ìfun láti gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí ọmú fi ń gba ọmọ náà là fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìtàn yìí fi hàn. Ṣáájú Moynahan, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìgbẹ́ gbuuru ń gbé oúnjẹ jáde lára. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé àìsí síǹkì fúnra rẹ̀ lè fa ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀nà náà lọ, ó sì bọ̀. Ìgbẹ́ ń gbé síǹkì lọ, síǹkì tó lọ ń mú ìgbẹ́ mìíràn wá.

Lára àgbàlagbà, àìsàn kan wà tó fi ọ̀nà méjèèjì yìí hàn kedere, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ní 1932, dókítà mẹ́ta ní ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York, Burrill Crohn, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer, kọ̀wé nípa aláìsàn 14 tí ìfun wọn wú, tó nípọn, tó kún fún egbò, tí kì í sì ṣe aràn tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ ló fà á. Orúkọ Crohn ni wọ́n fi ń pè é títí dòní. Èkejì rẹ̀, tó máa ń jẹ ìfun ńlá, Samuel Wilks ti London ti dárúkọ rẹ̀ láti 1859. Nínú àìsàn méjèèjì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò ló yíjú padà sí ìfun, tí wọ́n ń bá a jà. Ìfun á máa gbóná, á máa ṣẹ̀jẹ̀, á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún dìde.

Ó pẹ́ tí ìwé ń sọ pé òyìnbó nìkan ló ń ní in. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2012, àwọn dókítà láti ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà, tí ti Ilé-Ifẹ̀ wà lára wọn, tẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tí wọ́n rí i lára wọn jáde. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Èmi gbà pé púpọ̀ nínú wọn ni a kì í rí, nítorí orúkọ mìíràn ti wà nílẹ̀ fún un: jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹni tó bá ti ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, a ó ní ṣúgà ló jẹ jù, a ó rọ àgbo fún un. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí a ń rí níbí, kòkòrò ló fà á, oògùn ọjọ́ díẹ̀ láti ilé ìwòsàn á sì parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, tí ènìyàn ń rù, tí inú ń run ún, tó ń jí lóru lọ ṣe ìgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sílẹ̀ fún àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dé CNHU ní Kútọnu, ẹ lọ, ibẹ̀ ni àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ìfun wà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lára irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ń gbé irin lọ. Bí ìfun bá sì ń gbóná, ara máa ń fi ìyókù irin rẹ̀ pamọ́, kì í jẹ́ kí ó dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ojú á funfun, àárẹ̀ á mú un, ẹsẹ̀ kò ní lè gbé e dé ọjà. Síǹkì ní tirẹ̀ ń bá omi ìgbẹ́ lọ. Ní àárín àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà rí i pé àwọn aláìsàn ìfun kan, tí wọ́n ń fi omi inú iṣan bọ́ fún ìgbà pípẹ́ láìsí síǹkì nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ní egbò yí ẹnu àti ìdí ká, irun wọn ń re. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Norway gẹ́gẹ́! Wọ́n fún wọn ní síǹkì, ó lọ.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o, kí ẹnikẹ́ni má lọ ta síǹkì fún yín pé ó ń wo àìsàn Crohn. Kò wò ó. Ó ń dá ohun tó ti lọ padà ni, kí ara lè rí nǹkan fi jà. Oògùn tó ń pa iná inú ìfun yàtọ̀. Obìnrin ló rí ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́, Nanna Svartz ti Sweden, ní nǹkan bí 80 ọdún sẹ́yìn, dókítà sì ṣì ń kọ ọ́ fún ènìyàn dòní.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa. Ní 1971, ogun lé ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ilẹ̀ tó di Bangladesh wọ Íńdíà, àrùn onígbáméjì sì dé àgọ́ wọn ní Bangaon. Omi inú iṣan tán. Dókítà Dilip Mahalanabis bá po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi, ó ní kí àwọn ìyá àti ẹbí máa fún aláìsàn mu. Ikú já wálẹ̀ láti nǹkan bí 30 nínú 100 sí bíi 4. Ìyẹn ni SRO tí ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n SRO ń dá omi padà ni, kò ń tún ìfun ṣe. Ọmọ tí SRO gbà là lóṣù yìí tún lè padà wá pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru lóṣù tó ń bọ̀.

Àwọn onímọ̀ wá rántí ohun tí Prasad àti Moynahan rí. Ní New Delhi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lára ọmọ 937 tó ń yàgbẹ́. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1995: ìgbẹ́ àwọn tó rí síǹkì tètè dúró ju ti àwọn tí kò rí i lọ. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà dán an wò. Ní 2004, àjọ ìlera àgbáyé OMS àti UNICEF sọ ọ́ pa pọ̀ pé kí gbogbo ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru máa gba SRO àti síǹkì, ọjọ́ 10 sí 14. Ní 2019, OMS kọ méjèèjì tí a dì pa pọ̀ sínú ìwé oògùn tí orílẹ̀-èdè kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá? Inú ìfun ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ìgbẹ́ gbuuru ń ya awọ náà. Bí ó bá dúró ní ọjọ́ kẹta, awọ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni, síǹkì sì ni ó fi ń hù. Ara wa kò ní àká tó ń kó síǹkì pamọ́ sí bí a ṣe ń kó àgbàdo sí àká. Èyí tí ìgbẹ́ gbé lọ, àfi kí a dá a padà. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ń dá ìgbẹ́ tòní dúró. Ọjọ́ méje tó kù ni ti oṣù méjì sí mẹ́ta tó ń bọ̀, nítorí ọmọ tó lò ó tán kì í sábà tètè yàgbẹ́ mọ́. Ẹni tó tọ́jú ìyókù pamọ́, ara ọmọ náà gan-an ló ti yọ ọ́.

Ní ti inú ìkòkò, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀. Nínú èèpo àgbàdo, ẹ̀wà àti ọkà ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní fítéètì, tó máa ń di síǹkì àti irin mú bíi ti amọ̀. Òun ló wà nínú búrẹ́dì tí ọkùnrin Shiraz ń jẹ. Àwọn ìyá ìyá wa kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ àgbàdo sómi, wọ́n ń jẹ́ kí ògì kan kí wọ́n tó lò ó. Kíkan yẹn ń fọ́ fítéètì. Nítorí náà ògì tó kan sàn ju àgbàdo gbígbẹ tí a kàn lọ̀ tí a sì rò lójú kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń sẹ́ ògì, díẹ̀ nínú síǹkì ń bá èèrí lọ, ẹ̀kọ mímu lásán kò lè tó ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ẹ lọ edé tàbí ẹja gbígbẹ sí i, tàbí ẹ̀pà. Bí owó ẹran kò bá sí, ìgbín ń bẹ, ẹ̀gúsí ń bẹ, ẹ̀dọ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ náà dára.

Oògùn irin fún ọmọ, ẹ má fúnra yín rà á. Ní erékùṣù Pemba, ní Tanzania, níbi tí ibà ti pọ̀ bíi tiwa, wọ́n fún ọmọdé ní irin àti folic acid lójoojúmọ́. Àwọn tó ń dèrò ilé ìwòsàn tàbí tó ń kú láàárín wọn pọ̀ ju ti àwọn tí kò lò ó lọ, wọ́n dá a dúró ní 2003. Ti aboyún yàtọ̀: èyí tí wọ́n fún yín níbi ìtọ́jú aboyún, ẹ lò ó, ẹ má sì fi kalaba tàbí tíì tẹ̀ lé e. Síǹkì náà kì í ṣe ohun à ń jẹ bí súwíìtì. Prasad fúnra rẹ̀ kọ̀wé ní 1978 nípa aláìsàn fòníkúfọ̀ladìde tó lo síǹkì púpọ̀ fún ọdún méjì, tí bàbà fi tán lára rẹ̀.

Ẹ má rà á lórí igbá o. Àwọn tó rántí Adjégounlè ní Kútọnu, tí ìjọba tú ká ní 2017, mọ irú oògùn tí oòrùn ń pa lórí àtẹ. Ẹ gbà á ní ilé ìwòsàn, ní ilé oògùn, tàbí lọ́wọ́ àwọn rẹlé ìlera tó wà ní abúlé. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ìdajì hóró ti mílígíráàmù 20 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Èyí tó ti pé oṣù mẹ́fà, hóró kan. Ẹ fún omi ọmú sínú ṣíbí, ẹ sọ oògùn náà sínú rẹ̀, á yọ́ fúnra rẹ̀. Fún ọmọ tó ti ń mu omi, omi mímọ́ tàbí SRO náà dára. Bí ó bá bì í kí ààbọ̀ wákàtí tó pé, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún fún un ní òmíràn díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ bá dákú, bí kò lè mu nǹkan kan, tàbí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má dúró ka ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ wa lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kí òru pẹ́ tó.